Bí mo ṣe béèrè ẹ̀kúnwó lẹ́yìn tí mo gba ìwé àṣẹ RN ní Texas

Ẹ̀yin ará, mo kí i yín o. Ẹ̀yin tó ń ti ipò LVN (licensed vocational nurse, nọ́ọ̀sì tí ipò rẹ̀ kéré sí RN) bọ́ sí RN (registered nurse) ni mo ń bá sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí a bá ti yege NCLEX-RN, ìdánwò tí a ń ṣe kí a tó gba ìwé àṣẹ RN, ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fi kún owó wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún èmi.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Houston ni mo ti ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí LVN, ipò tí gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù, àyàfi California, ń pè ní LPN (licensed practical nurse). Nígbà tí nọ́ńbà ìwé àṣẹ mi tuntun jáde lórí ìkànnì Texas Board of Nursing, àjọ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì Texas ní ìwé àṣẹ, mo lọ sọ fún ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì. Inú rẹ̀ dùn, ó dì mọ́ mi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe mẹ́nu kan owó, ó ní wọ́n ti pín owó ọdún náà tán, kí n ṣe sùúrù.

Mo ṣe sùúrù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí sí iṣẹ́ ọ̀sán ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Àbúrò mi, ṣé o ti ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà?” Òfin ìjọba àpapọ̀ ló ní kí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa lẹ iye wákàtí tí àwọn nọ́ọ̀sì ipò kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́ síta lójoojúmọ́, kí aráàlú lè rí i. Mo lọ kà á. Wákàtí 8 ló wà níwájú RN, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni RN tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Òfin náà tún sọ pé, àyàfi bí ìjọba bá yọ̀ǹda, RN gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún wákàtí 8 láìdáwọ́dúró lójúmọ́, ọjọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ń mú òfin ṣẹ, owó LVN, dọ́là 31 fún wákàtí kan, ni wọ́n sì ń san fún mi.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn, ìwé àṣẹ tó ga jù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni Board fi ń dá a lẹ́jọ́, wọn kì í wo ipò tí ibi iṣẹ́ kọ sílẹ̀ fún un.

Mo wá kọ lẹ́tà. N kò mẹ́nu kan owó ilé tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ nínú rẹ̀, nítorí ẹrù tèmi nìyẹn. Iṣẹ́ RN tí mo ti ń ṣe ni mo kọ, mo fi àwòrán ìwé ẹnu ọ̀nà náà tì í, mo sì tọ́ka sí ìṣirò Bureau of Labor Statistics, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣírò owó iṣẹ́, ti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tó fi owó àárín tí RN ń gbà lọ́dún sí dọ́là 86,070, tó sì fi ti LPN àti LVN sí dọ́là 59,730. Dọ́là 43 fún wákàtí kan ni mo béèrè, pẹ̀lú pé kí wọ́n yí ipò mi padà nínú ìwé wọn.

Alákòóso ilé náà kọ́kọ́ fẹ́ san dọ́là 36. Mo dúpẹ́, mo sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú, kí wọ́n wá RN mìíràn fún òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣiṣẹ́. Wọ́n pè mí padà, wọ́n fún mi ní dọ́là 41 àti ipò RN, wọ́n sì gbà láti san àjẹẹ́lẹ̀ gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí mo ti ṣe. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá kò sọ ọjọ́ tí owó tuntun náà yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i, mo dá a padà, wọ́n kọ ọjọ́ sí i, mo tó wá fọwọ́ sí i.