Láti Salvador lọ sí Chapada Diamantina: ta ló ti wa mọ́tò gba ọ̀nà yẹn rí?

Ọkọ Àdùkẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Bràsíl lóṣù kẹfà. Salvador la máa balẹ̀ sí. A fẹ́ háyà mọ́tò níbẹ̀, ká wà á wọ inú ìpínlẹ̀ Bahia títí dé ìlú Lençóis, torí àwọn òkè àti ìṣàn omi Chapada Diamantina. London là ń gbé, apá òsì ọ̀nà ló mọ́ wa lára. Ìyàwó mi ní ẹ̀rù tírélà ń ba òun, ká kúkú wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tọkọtaya lè wà á fúnra wọn? Ṣé ọjọ́ kan sì tó?

Ìyá Fèyí:
Àbúrò, ẹ wà á. Bàbá Fèyí ló wakọ̀ nígbà tiwa, èmi ni mò ń wo máàpù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ kan rìn ín. Bíi 430 kìlómítà ni, wákàtí mẹ́fà sí méje, àmọ́ lóṣù kẹfà ilẹ̀ ti máa ń ṣú níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, títì BR-242 tó lọ síbẹ̀ kò sì ṣeé rìn lóru. Àlọ àtàbọ̀ jọ ń lo ojú ọ̀nà kan náà ni. Tírélà tó ń kó sóyà àti òwú bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn Bahia, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ń sọdá.

Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé àwọn awakọ̀ tírélà yẹn ní àmì tiwọn. Lẹ́yìn ìlú Itaberaba, ọ̀kan ń fà níwájú wa bí ìgbín. Nígbà tó ṣe, ó tan íńdíkétọ̀ apá ọ̀tún: iwájú mọ́, ẹ kọjá. Tó bá jẹ́ apá òsì ló tàn, ẹ dúró. Síbẹ̀, ẹ fi ojú ara yín rí i kí ẹ tó yọ.

Ẹ sùn ní Cachoeira lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìlú àtijọ́ ni, létí odò Paraguaçu. Afárá onírin tí wọ́n ṣí ní 1885 ló so ó mọ́ São Félix, mọ́tò àti rélùwéè jọ ń gba orí rẹ̀. Bí táyà wa ṣe gun pákó rẹ̀, ó ń dún gbàgà-gbàgà. Bàbá Fèyí ní ká sọ wíńdò kalẹ̀ ká lè gbọ́ ọ dáadáa. Níbẹ̀ náà ni ilé ẹgbẹ́ Boa Morte wà, ẹgbẹ́ àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú, láti ìgbà òwò ẹrú. Ìyá kan ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú epo pupa, aṣọ funfun, gèlè funfun. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fà mí dìde, ó dì mọ́ mi. N kò lè gbàgbé ẹ̀.

Tí ẹ bá dé Lençóis, ẹ gun òkè Morro do Pai Inácio. Ẹ̀gbẹ́ BR-242 ló wà, níwájú díẹ̀ sí ibi tí ẹ ó ti yà. Kí ẹ ti débẹ̀ ṣáájú aago márùn-ún.

Adé Campinas:
Ẹ ṣé, Ìyá Fèyí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti epo kún un. Ọmọ ilé epo níí bu epo ní Bràsíl níbí, òfin kò gbà kí oníbàárà bù ú fúnra rẹ̀. Á bi yín pé etanol ni àbí gasolina, ìyẹn pẹtiróòlù. Ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe etanol; ọ̀pọ̀ mọ́tò háyà ló ń lo méjèèjì, àmọ́ etanol máa ń tètè tán. Tí owó rẹ̀ bá ti ju ìdá 70 nínú 100 owó gasolina lọ, gasolina ni kí ẹ rà.

Ẹ béèrè mọ́tò ọtomátíìkì ṣáájú, torí mánúà ló pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì ni ẹ ó máa fi yí jíà. Kí awakọ̀ má fẹnu kan ọtí rárá: láti 2008, òfin kò gba ẹ̀kán ọtí kan.

Ọkọ Àdùkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Àdùkẹ́ ka ọ̀rọ̀ íńdíkétọ̀ yẹn, ó ti gbà! Nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kẹfà la máa dé.

Ìyá Fèyí:
Háà, São João, ọdún Jòhánù Mímọ́, nìyẹn o! Ọjọ́ 24 ni ọdún náà, ará Salvador á sì máa tú lọ sí ìgbèríko. Iná igi níwájú ilé, àgbàdo, ijó forró mọ́jú. Ẹ má sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gba yàrá ní Cachoeira àti Lençóis nísinsìnyí, kí ẹ sì kúrò ní Salvador ní kùtùkùtù, kó má jẹ́ ọjọ́ 22 tàbí 23.