Máàkì tí mo ń fún ara mi ní ìdájí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ti ka ìrírí àwọn tó ṣáájú mi lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ láti ṣiṣẹ́ láìso ọkàn mọ́ èrè rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ tèmi náà, nítorí ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo ń pè ní àṣàrò ti di òwò lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo sì ń gbé, ní Mọ̀ọ̀rẹ̀. Ilẹ̀ oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ ló da àárín èmi àti àbúrò mi rú, tí a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọdún 3 gbáko. Àìsùn tí ìjà náà kó bá mi ló mú mi máa wá ìfọ̀kànbalẹ̀ kiri, títí mo fi bá ẹ̀kọ́ Búdà pàdé nínú ìwé. Ní ìdájí, kí wọ́n tó pe ìrun, mo máa ń jókòó fún ìṣẹ́jú 30, tí ọkàn mi á máa bá èémí lọ bó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní mettā, ìyẹn fífi inú kan fẹ́ ire fún gbogbo ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ láti orí ara ẹni títí dé orí ẹni tí a ń bá ṣọ̀tá. Àbúrò mi ni mo máa ń dárúkọ: kí ara rẹ̀ le, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ewu má wu ú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì tán lára mi. Mo ra ìwé kan tí mo fi ń fún ara mi ní máàkì nínú 10 lójoojúmọ́. Bí ọkàn mi bá parọ́rọ́, mo gba 8. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá gbà mí lọ́kàn, mo gba 3, inú mi á sì bàjẹ́ títí di ọ̀sán. Èyí tó burú jù ni pé bí mo bá ti ṣe mettā tán, fóònù ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ máa ń lọ, kí n wò ó bóyá àbúrò mi ti pè. Oṣù 7 ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń fẹ́ ire fún un lóòótọ́, àmọ́ mo fẹ́ kó san owó ire náà fún mi.

Àkàwé kan wà nínú Aṅguttara Nikāya, ọ̀kan lára àwọn àkójọ ìwàásù Búdà, níbi tí Búdà ti ní iṣẹ́ kánjúkánjú mẹ́ta ló já lé àgbẹ̀ léjìká: kó tulẹ̀, kó gbin irúgbìn, kó fa omi wọ oko kó sì tún fà á jáde. Ṣùgbọ́n kò sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti pàṣẹ pé kí irúgbìn hù lónìí, kó yọ ṣírí lọ́la, kó gbó lọ́tùnla. Mo ti kà á kọjá rí. Ọjọ́ tó yé mi ni ọjọ́ tí mo bá ọmọ ọmọ mi lóko, lẹ́bàá ọ̀rá tí a gbin kóró kòkó sí, tó ń fi igi tú yẹ̀pẹ̀, tó ń hú kóró náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Gbòǹgbò ti ṣẹ́ lára mẹ́rin. Mo fẹ́ bá a wí, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi, nítorí ìwé máàkì mi ló sọ sí mi lọ́kàn.

Taṇhā ni èdè Pálì, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwàásù wọ̀nyí sílẹ̀, ń pe ohun tó ń bí ìyà, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni òùngbẹ. Òùngbẹ ìfọ̀kànbalẹ̀, òùngbẹ náà ni. Ẹ rántí Ānanda, tó fi ọdún 25 ṣe ìránṣẹ́ Búdà. Ìtàn sọ pé lóru tó ṣáájú ìpàdé àwọn 500 arahant, ìyẹn àwọn tó ti bọ́ pátápátá lọ́wọ́ òùngbẹ yìí, ní ìlú Rājagaha, ó ń rìn síwá sẹ́yìn kí òun náà lè dé ipò wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì bọ́ sí i. Nígbà tó wá fi sílẹ̀, tó fẹ́ sùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ tí orí rẹ̀ kò sì tíì kan ìrọ̀rí, ìgbà náà ni ìdè já, tí òun náà di arahant. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àyànmọ́ ò gbóògùn ni gbogbo rẹ̀. N kò gbà fún un, nítorí àgbẹ̀ tí kò tulẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀.

Mo fún ọmọ ọmọ mi ní ojú ewé tó kù nínú ìwé náà kó fi ṣe ìṣirò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo gba ilé àbúrò mi lọ ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Lójú ọ̀nà mo ká ara mi mọ́ ibi tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, mo sì padà sídìí èémí mi. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n," lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí n wọlé. Mo béèrè àwọn ọmọ, ó ní àlàáfíà ni wọ́n wà, mo sì dágbére. Ó dùn mí láyà díẹ̀ bí mo ṣe ń padà. Mo jẹ́ kó dùn mí, n kò lé e.

Kò tíì pè mí. Mo dárúkọ rẹ̀ ní ìdájí òní: kí ara rẹ̀ le, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.