Ta ló rántí ìgbà tí a máa ń dúró de fídíò orin lórí tẹlifíṣàn?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Lánàá, mo ń tún yàrá ìyá mi ṣe ní Ìbàdàn, ni mo bá rí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi báírò kọ ọ́ sí i lára pé: "Ẹ MÁ RẸ́KỌ́Ọ̀DÙ NǸKAN LÉ E O!" Èmi ni mo kọ ọ́, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Orin bí ogún ló wà níbẹ̀, orí tẹlifíṣàn ni mo ti gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kò bá ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni tẹlifíṣàn tó ń wọlé ládùúgbò wa máa ń fi fídíò orin hàn, fún bí ìdajì wákàtí. Wọn kì í sọ èyí tí wọ́n fẹ́ fi hàn. Wàá jókòó, ìka rẹ á wà lórí bọ́tìnnì pupa. Bí o bá pẹ́ tẹ̀ ẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ orin ti lọ. Bí o ò bá sì tètè pa á, ìpolówó ọṣẹ á bá ọ wọlé. Títí dòní, tí orin Shina Peters kan bá ti ń parí lọ, obìnrin ọlọ́ṣẹ yẹn ni etí mi máa ń retí.

Bọ̀dá mi ló máa ń yí eríàlì níta.
"Ṣó ti dáa?"
"Rárá!"
"Báyìí ńkọ́?"
"Ó ti dáa! Ẹ má kúrò níbẹ̀ o!"
Wọn ò wo orin kan parí rí, àwọn náà. Bí NEPA bá sì mú iná lọ, ó di Sátidé mìíràn.

Ọmọ mi wo kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ní kí ló dé tí mi ò kàn wá àwọn orin yìí lórí YouTube. Mi ò rí èsì fún un. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rántí?

Bàbá Bábà Òṣogbo

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti jí nǹkan sílẹ̀. Torí orin ni mo ṣe ra dẹkódà sí ṣọ́ọ̀bù. Oṣù Kejì ọdún 2005 ni MTV Base, ìkànnì tẹlifíṣàn olórin ti ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀, "African Queen" ti 2Face ni wọ́n sì fi ṣí i. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ní wàhálà: ẹni tí mo ti gẹrun rẹ̀ tán kì í dìde! "Ẹ jẹ́ n wo èyí tán, bàbá." Àga mẹ́ta kún, kò sẹ́ni tó ń gẹrun.

Ọdún 2005 yẹn náà ni YouTube dé, àwa ò mọ̀.

Báyìí, fóònù ni kálukú ń wò lórí àga mi. Orí tó bá tẹ̀ wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gẹ̀ o, ẹ̀yìn ọrùn á wọ́. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé àgbọ̀n wọn sókè láti àárọ̀ dalẹ́. Tẹlifíṣàn ṣì wà lára ògiri. Bọ́ọ̀lù nìkan la fi ń wò.

Ọmọ Kámẹ́rà

Ẹ̀yìn fídíò yẹn lèmi wà. Mo bá ẹnì kan tó ń ya fídíò orin ṣiṣẹ́ ní Súrùlérè, èmi ni mo sì máa ń gbé kásẹ́ẹ̀tì Betacam kiri àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí n tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Torí náà, bí ẹ bá ń dárò ayé àtijọ́, ẹ rántí àwọn ọmọ tí orin wọn kò jáde láé torí ẹgbẹ̀rún mélòó kan. YouTube ò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Orúkọ ló dùn mí. Orúkọ ẹni tó darí fídíò máa ń hàn lójú tẹlifíṣàn, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ Clarence Peters nìyẹn, ọmọ Shina Peters tí Àǹtí ń sọ. Báyìí, olórin á ní kí n fi fóònù ya òun lóòró níbi tí òun ti ń jó, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibo ni orúkọ tèmi á ráyè jókòó sí nínú ìyẹn?

Ìyá Ìbejì Peckham

Nílùú Ọba níbí o, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni MTV ti ìkànnì orin rẹ̀ márùn-ún pa. Orin The Buggles tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1981, tó ń sọ pé fídíò ti pa olórin rédíò, náà ni MTV Music fi dágbére. MTV gan-an ṣì wà, àmọ́ àwọn tó ń bá ara wọn jà nínú ilé ló ń fi hàn.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Màmá òyìnbó kan wà tí kì í rí oorun sùn. Mo máa ń ṣí MTV 80s fún wọn, mo á dín ohùn rẹ̀ kù, ẹsẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Lóṣù Kìíní mo gbìyànjú YouTube. Ó ní kí n kọ orúkọ orin tí mo fẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ màmá, wọn ò rántí orúkọ kankan. Èmi náà ò mọ orin wọn. A kàn ń wo ara wa.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Mo rí ẹnì kan ní Dùgbẹ̀ tó ṣì ní ẹ̀rọ fídíò. Èbu ti mú kásẹ́ẹ̀tì náà, orin mẹ́rin péré ló kù tó ṣeé wò. Ọlọ́ṣẹ ṣì wà níbẹ̀! Mo pe bọ̀dá mi, wọ́n wá, wọ́n jókòó, wọ́n wo Shina Peters láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Ṣé bó ṣe kúrú tó nìyí?"