Oúnjẹ microwave: ṣé ó lè dùn? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Nọ́ọ̀sì Òru, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbí. A ó wọlé ní agogo méje àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó di agogo mẹ́jọ àárọ̀ kí á tó jáde. Gbogbo oúnjẹ òru mi, inú microwave ló ti ń gbóná. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé oúnjẹ microwave kì í dùn, n kì í jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bi í pé: báwo lo ṣe ṣe é?

Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo dé, mo di jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo sè lọ́sàn-án ọjọ́ náà dání lọ síbi iṣẹ́, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì. Nígbà tó di agogo méjì òru, mo gbé abọ́ náà sínú ẹ̀rọ láìbò ó, mo tẹ ìṣẹ́jú márùn-ún, aláìsàn kan sì tẹ aago, mo sáré lọ wò ó. Kí n tó padà dé, ìrẹsì etí abọ́ ti gan, ó ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ eyín. Àárín rẹ̀ tutù nini. Ẹran adìyẹ orí rẹ̀ yi bíi rọ́bà. Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́, àmọ́ omi lé ròrò sójú mi. Ilé ń sọ mí gan-an lóru ọjọ́ yẹn.

Ìyá kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ níbí. Wọ́n wo abọ́ mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, o ò bomi sí i, o ò dé e, o wá fi gbogbo iná lé e lórí. Ṣé bí o ṣe ń se mọ́ínmọ́ín nìyẹn?” Lóru ọjọ́ kejì, wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n wọ́n omi ṣíbí méjì sórí ìrẹsì. Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tì í sí etí abọ́ títí àárín fi ṣófo, bí òrùka. Wọ́n fi àwo tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé e, wọ́n dín agbára ẹ̀rọ kù sí ìdajì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n rò ó, wọ́n tún dá a padà fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí ẹ̀rọ dún, mo na ọwọ́ sí i, wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò: “Jẹ́ kó sinmi.” A jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ooru tó jáde gbé òórùn ata rodo àti táìmù wá, ìrẹsì náà sì wà ní wóró wóró, ó rọ̀, ó gbóná dé àárín.

Ohun tí ìyá yẹn kọ́ mi ni mo dì mú títí dòní: microwave kì í sun nǹkan, kì í sì í dín nǹkan. Ìbátan ìkòkò mọ́ínmọ́ín ni. Ohunkóhun tó bá fẹ́ràn ooru omi àti ìdérí yóò dùn nínú rẹ̀: iṣu, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja tútù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè. Ohunkóhun tó bá fẹ́ kí ara òun gan, ẹ má gbé e débẹ̀. Mo fi ẹja alárán se ọbẹ̀ nínú rẹ̀ nílé (n kì í gbé ẹja wọ yàrá ìjẹun ibi iṣẹ́, òórùn rẹ̀ á dààmú àwọn ẹlòmíràn). Ata gígún, àlùbọ́sà, epo ṣíbí kan, iyọ̀, ẹja lórí rẹ̀, ìdérí. Ìṣẹ́jú méje ní ìdajì agbára. Ẹja náà rọ̀ ju èyí tí mo fi iná gáàsì sè lọ, torí mi ò ní rò ó fọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ sọ tiyín, ìbáà ṣe dídùn, ìbáà ṣe kíkorò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Manchester

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ dárúkọ yẹn ni ẹ̀rí mi.

Ilé tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún jọ ń gbé, bí ata bá ti ń dín lórí iná báyìí, aago èéfín á dún, gbogbo wa á bọ́ síta nínú òtútù. Lẹ́ẹ̀kejì tó ṣẹlẹ̀ ni mo dẹ́kun dídín ata. Ló bá di pé mò ń wá ohun tí mo lè fi microwave sè.

Mo lọ ẹ̀wà, mo po ó mọ́ ata, àlùbọ́sà, edé àti òróró, mo dà á sínú kọ́ọ̀pù tíì, mo fi gbogbo agbára lé e. Ó wú jáde bíi búrẹ́dì, ó ṣàn sórí àwo inú ẹ̀rọ. Èyí tó kù nínú kọ́ọ̀pù ní ihò lára bíi kànìnkànìn, orí rẹ̀ le. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbìyànjú mọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo bu ú dé ìlàjì kọ́ọ̀pù péré, mo fi àwo kékeré dé e, mo sì dín iná kù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo wò ó, àárín rẹ̀ ṣì ń mì. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí i. Mo jẹ́ kó tutù díẹ̀, mo dojú kọ́ọ̀pù dé sórí àwo. Ó já bọ́ lódindi, ó ń dán, ó ní ìlà edé kan ní ẹ̀gbẹ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n ní, “Ewé dà?” Òótọ́ ni, òórùn ewé kò sí níbẹ̀, n kò sì mọ bí a ṣe lè rí i. Àmọ́ adùn ẹ̀wà wà níbẹ̀, kò dín.

Bàbá Ẹnjiníà, Èkó

Nọ́ọ̀sì, ìyá Ìjẹ̀bú yẹn mòye. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ohun tí wọ́n sọ fi rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àárín oúnjẹ ni microwave ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Rárá o.

Ohun kan tí wọ́n ń pè ní magnetron ló wà nínú rẹ̀. Òun ló ń tú ìgbì tí ojú kò lè rí jáde, irú ti rédíò, ìgbì náà sì ń mú kí omi inú oúnjẹ máa gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn ló ń di ooru. Ìgbì náà kì í wọlé ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ibi tí kò dé, àfi kí ooru rọra rìn débẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí tí ìyá náà fi ṣe ìrẹsì bí òrùka nìyẹn, ìdí tó sì fi ní kó sinmi nìyẹn. Ìdajì agbára náà, ẹ tẹ́tí sí ẹ̀rọ yín lálẹ́ tí gbogbo ilé bá pa rọ́rọ́: yóò kùn hùùù, yóò dákẹ́, yóò tún kùn. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, kì í ṣe pé iná náà kéré, ó ń tàn ó ń kú ni, ooru á sì ráyè rìn nígbà tó bá dákẹ́.

Ní ti pé kì í sun nǹkan: omi á ti hó ní 100°C. Kí ara ẹran tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó lè pọ́n kó sì máa ta sánsán, ó fẹ́ tó nǹkan bíi 140°C. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, kò ní débẹ̀.

Ará Amẹ́ríkà kan, Percy Spencer, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Raytheon, ló kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí ní 1945. Ẹ̀rọ rédà, tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ òfuurufú, tí magnetron wà nínú rẹ̀ bákan náà, ló dúró tì, ló bá rí i pé midinmíìdìn inú àpò òun ti yọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní 1947 ga tó ọkùnrin tó dúró, ó sì wúwo ju 300 kìlógíráàmù lọ. Ilé oúnjẹ ńlá àti ọkọ̀ ojú omi ló lè gbà á.

Ìrírí tèmi ní Èkó níbí kò ju ti iná lọ. Microwave tí wọ́n kọ 700W sí lára máa ń fa tó 1,100W. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé mi kò lè gbé e. Nígbà tí mo dán an wò, ó kígbe bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa, ó sì kú. Láti ìgbà náà, àfi bí NEPA bá mú iná wá.

Ìyá Olóúnjẹ, Ìbàdàn

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín sọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ọdún méjìdínlógún ni mo ti fi ń rokà fún èèyàn jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Oníbàárà kan ra àmàlà àti gbẹ̀gìrì lọ sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án, kò jẹ ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ó wá fi microwave ọ́fíìsì gbé e gbóná. Lọ́jọ́ kejì, ó bá mi jà pé àmàlà mi le. Mo ní kó mú èyí tó kù wá. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, èèpo ti dì mọ́ ọn lára, dúdú, ó nípọn bí awọ pọ̀nmọ́, inú rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ewédú rẹ̀ ti ja, kò fà mọ́. Wọ́n ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́ ni. Àmàlà tí mo fi ọ̀rá wé tí mo kó sínú kúlà, ìrọ̀lẹ́ á bá a ní rírọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí n sọ ti dòdò. Dòdò tó jáde nínú microwave ti di ohun mìíràn, ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, òróró ń jò lára rẹ̀. Àkàrà bákan náà. Bọ̀ọ̀lì ńkọ́? Èédú ni bọ̀ọ̀lì. Ìrẹsì tí a fi igi sè níbi ayẹyẹ, èéfín rẹ̀ ló ń dùn lẹ́nu, bọ́tìnì kan kò sì lè fún yín ní èéfín.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn nìkan ni mo gbà. N ó dán an wò lọ́dọ̀ ọmọ mi tó ní ẹ̀rọ náà.

Tẹ̀gbọ́ntàbúrò

Ìkìlọ̀ ni tèmi. Àbúrò mi obìnrin gbé ẹyin sísè tó ti bó gbóná nínú microwave. Kò bú nínú ẹ̀rọ. Nígbà tó fi fọ́ọ̀kì gún un ló bú gbàmù, ó sì bó o létè. Ẹ kọ́kọ́ gé ẹyin sí wẹ́wẹ́, tàbí kí ẹ jẹ ẹ́ ní tútù.

Ọmọ Bàbá, Peckham

Bàbá mi ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Wọn ò fẹ́ kúrò nínú ilé wọn, èmi sì ń ṣiṣẹ́. Obìnrin olùtọ́jú kan máa ń wá lọ́sàn-án, kò sì ní àyè ju kó gbé nǹkan gbóná lọ. Nítorí náà, oúnjẹ inú páálí la kó kún fírísà: ànàmọ́ gígún, ẹran lílọ̀, ẹ̀wà tútù kéékèèké. Kò burú fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jẹ. Èmi gan-an máa ń jẹ èyí tó ní ọbẹ̀ púpọ̀ lára, àwọn kọ́rì àti lasagne, wọ́n dùn bí èèyàn bá rò ó láàárín tó sì fi ìṣẹ́jú kan kún un torí pé agbára ẹ̀rọ tí àwọn tó ṣe oúnjẹ páálí náà fi ka ìṣẹ́jú ju ti tiwa lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá ò jẹ ẹ́. Ìgbànú wọn wọ ihò tuntun méjì láàárín oṣù mẹ́ta. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní, “Mo ti jẹun.” Mo sì ń rí oúnjẹ náà nínú garawa ìdọ̀tí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ ní gbogbo Sunday. Ẹ̀wà rírò, ọbẹ̀ ata, ẹ̀fọ́ rírò, àsáró. Mo ń bu ú sínú abọ́ pẹlẹbẹ, torí abọ́ jíjìn máa ń tutù láàárín, mo sì ń lẹ ìwé mọ́ ìdérí: “Ìdajì agbára, ìṣẹ́jú mẹ́rin, rò ó, ìṣẹ́jú mẹ́ta, jẹ́ kó sinmi.” Ìrẹsì nìkan ni n kì í kó pa mọ́ pẹ́. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa, nítorí náà mo máa ń tètè jẹ́ kó tutù, mo gbé e sí fíríìjì, a sì ń jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ń gbé e gbóná.

Obìnrin olùtọ́jú náà, Òyìnbó ni, ló ní kí n kọ́ òun ní èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù. Mo fi poundo hàn án: ìyẹ̀fun àti omi tútù nínú abọ́, po ó kó má ní kókó, ìṣẹ́jú méjì, rò ó gidi, ìṣẹ́jú méjì sí i, rò ó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dé ilé Bàbá láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ti ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n ń fi ìka nu ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ àwo. Wọ́n ní, “Ọmọbìnrin yìí mọ okà rò.” Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru, Leeds

Ọmọ Bàbá, ibi tí mo ti ka tiyín, èmi náà ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín.

Ìyá Olóúnjẹ, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí dòdò àti àmàlà. Mo ti mú kúlà kékeré kan, inú rẹ̀ ni okà mi ń wà báyìí tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ọbẹ̀ nìkan ni mò ń gbé gbóná.

Ẹ̀yin tó kù, bí ẹ bá rí àgbàdo tútù tó ṣì wà nínú háhá rẹ̀, ẹ má bó o. Mo gbé ọ̀kan sínú ẹ̀rọ lánàá ní agogo mẹ́ta òru, ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo gé ìdí rẹ̀, mo di orí háhá náà mú, mo sì gbọ̀n ọ́n. Ó yọ jáde nìkan láìní irun kan lára. Mo pín in sí mẹ́ta fún àwọn tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá Ìjẹ̀bú sì bèèrè àgbọn lọ́wọ́ mi.