Kí ni wọ́n fi lé Louis Hunkanrin kúrò ní Àjàṣẹ́: ìwé ìròyìn rẹ̀ ni, tàbí ọ̀rọ̀ owó-orí 1923?

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Pọ́tò-Nóvò)

Ẹ̀yin àgbà mi, mo kí yín o. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ kan tí a ó kà ní èdè Yorùbá lórí rédíò nípa Louis Hunkanrin, olùkọ́ àti akọ̀ròyìn tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́ wa níbí ní 1886, tí ó sì kú síbí náà ní 1964. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n ni pé ìjọba Faransé lé e lọ sí Moritáníà ní 1923, tí kò sì padà wálé títí di 1933.

Ibi tí kíkọ mi há sí nìyí. Àwọn kan tí mo bi léèrè ní ọ̀rọ̀ owó-orí ni, nítorí pé ní oṣù kejì ọdún 1923 ni àwọn ará ìlú kọ̀ láti san owó-orí tí ìjọba fi kún. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, pé láti ọjọ́ tí ó ti ń kọ ìwàkíwà Noufflard, gómìnà Dàhómì (orílẹ̀-èdè Benin lónìí), sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Èwo ni kí n fi síwájú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún là mí lọ́yẹ̀ lórí Blaise Diagne, aṣòfin ará Sẹ̀nẹ̀gà tí Hunkanrin bá ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n, kí ló dé tí Diagne kò fi gbà á sílẹ̀?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Kétu)

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n bí o ṣe bi í lè mú kí àwọn tí yóò gbọ́ ọ lérò pé ilé-ẹjọ́ kan jókòó, pé wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó sí ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́. Òfin tí wọ́n fi lé e lọ kò nílò gbogbo ìyẹn. Láyé ìgbà náà, ẹni abẹ́ ni Faransé ka àwọn ènìyàn Dàhómì sí, àfi ìwọ̀nba díẹ̀, wọn kò kà wọ́n sí ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ní ẹ̀tọ́. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat, Gómìnà Àgbà tí ó wà ní Dakar, tí ó ń ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lè fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n sì kó ènìyàn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún ọdún tí ó lè tó mẹ́wàá, láìsí adájọ́, láìsí agbẹjọ́rò. Ọdún mẹ́wàá yẹn gan-an ni Hunkanrin gbà. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí a wò ni èrò tí àwọn aláṣẹ ti ní sí i kí 1923 tó dé.

Ó wà lára àwọn ọmọ Dàhómì tí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Saint-Louis, ní Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tí ó padà wálé, ó ṣe olùkọ́ ní Wídà, ṣùgbọ́n ní 1910 wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti gbájú mọ́ kíkọ. Noufflard di gómìnà ní 1912, Àjàṣẹ́ sì ni olú-ìlú, èyí tí ó túmọ̀ sí pé akọ̀ròyìn àti gómìnà tí ó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ jọ ń gbé ìlú kan náà ni. Hunkanrin ń ṣe àkójọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fojú ará ìlú rí, ó ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní Faransé, ó sì ń pín ìwé ìròyìn kan lábẹ́lẹ̀ tí ó sọ ní Le Récadère de Béhanzin, ìyẹn Ìránṣẹ́ Béhanzin. Ìgboyà gidi ni orúkọ yẹn fúnra rẹ̀. Ní 1894 ni Faransé gbé ọba Béhanzin lọ sí Martinique, ní 1906 ni ó sì kú sí Algiers, kò tí ì ju ọdún mẹ́wàá lọ dáadáa tí ọmọ Àjàṣẹ́ kan fi ń fi orúkọ ọba tí wọ́n lé lọ sórí ìwé tí ń bá gómìnà wí. (Ìwọ náà mọ̀ pé Àgbómì, ìlú Béhanzin, àti Àjàṣẹ́, ìlú ọba Tòfá, kò fi ìgbà kan rẹ́. Èmi ka orúkọ yẹn sí àmì pé ọ̀rọ̀ gbogbo Dàhómì ni ó ń sọ, kì í ṣe ti ìlú rẹ̀ nìkan.)

Ní 1917, Noufflard kúrò nípò. Nínú ìjọba bẹ́ẹ̀, kí ẹni abẹ́ kan kọ̀wé títí gómìnà fi lọ kì í ṣe ohun tí àwọn tí ó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ máa gbàgbé. Hunkanrin fúnra rẹ̀ ti sá pamọ́ sí Nàìjíríà nígbà náà. Lẹ́yìn tí ó wọṣẹ́ ológun ní 1918, ó dé Faransé, ó sì dá Le Messager dahoméen sílẹ̀ ní Párísì ní 1920 pẹ̀lú Max Bloncourt, agbẹjọ́rò ọmọ Guadeloupe. Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, ẹ̀wọ̀n ló ń dúró dè é.

Bí o bá bi mí, mo máa ní ìwé ìròyìn ló lé e lọ, owó-orí kàn ṣí ilẹ̀kùn ni.

Ìyá Ọlọ́jà (Pọ́tò-Nóvò)

Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, a gbọ́ àlàyé yín. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ wa lọ sórí rédíò kó sọ pé ìwé ìròyìn nìkan ni. Hunkanrin kọ́ ni ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n kó lọ sí Moritáníà lọ́dún yẹn. Sognigbé, ọmọ ọba tí ìdílé rẹ̀ ń bá ìdílé Tòfá du oyè, wà níbẹ̀, kò sì padà wálé. Kì í ṣe akọ̀ròyìn. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ni ẹ̀ṣẹ̀, kí ni ti Sognigbé?

Àwa tí a dàgbà sí àdúgbò mọ́ṣáláṣí ní Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ 1923 gbà wá. Èkínní ni ọ̀rọ̀ oyè. Lẹ́yìn ikú Tòfá ní 1908, Faransé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún jẹ́ ọba pẹ̀lú agbára ọba, olóyè lásán ni wọ́n fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe, inú àwọn ìdílé yòókù kò sì dùn sí i. Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwa Mùsùlùmí fúnra wa, tí a pín sí ọ̀nà méjì lórí ipò lèmọ́mù, tí apá kan sún mọ́ ìjọba, tí apá kejì sì gbà pé ìjọba ń gbè sẹ́yìn àwọn yẹn. Owó-orí ni ó wá dà lé gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni àwọn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ fi jókòó papọ̀, Gùn àti Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, tí wọ́n ní àwọn kò san. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Gómìnà Fourn kó ọmọ ogun wọ ìlú.

Ipa Hunkanrin, lójú tèmi, ni pé òun ló lè kọ gbogbo ẹ̀dùn ọkàn wọ̀nyẹn sórí ìwé ní èdè tí òyìnbó kò lè ní òun kò gbọ́. Ẹ máa fi í sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ o, kó má dà bí ẹni pé òun nìkan ló ń jà.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Kétu)

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ nípa Sognigbé. Mo fara mọ́ ọn pé kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ẹni tí àwọn aláṣẹ ń di ẹ̀bi náà rù: wọ́n ní àwọn ìwé tí ń ti Párísì wọlé ló da àwọn ènìyàn láàmú. Ó rọrùn fún gómìnà láti sọ pé ìwé ìròyìn ni, ju kí ó gbà pé owó-orí òun ti pọ̀ jù.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Pọ́tò-Nóvò)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Màá fi ọ̀nà mẹ́ta tí Tàǹtí kà sílẹ̀ síwájú, màá sì fi ọ̀rọ̀ indigénat tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Diagne ló kù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Diagne, nítorí pé òun ni mo kà jù.

Ọmọ Gorée ni Diagne. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ni kó tó di olóṣèlú, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Dàhómì wa níbí nígbà èwe rẹ̀. Hunkanrin wà ní Dakar nígbà ìdìbò 1914, ó ń kọ̀wé sí La Démocratie du Sénégal, ìwé ìròyìn tí ó gbé Diagne lárugẹ. Ní 10 May 1914, Diagne di ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé. Akọ̀ròyìn wa jẹ nínú iṣẹ́ ìṣẹ́gun yẹn. Nígbà tí ó ń sá káàkiri, Diagne náà ṣe ojúṣe ọ̀rẹ́: ní 1918, nígbà tí Faransé fi í ṣe olórí ìkójọ ọmọ ogun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó bá a ṣe é kí wọ́n fi ẹ̀sùn ọrùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá wọṣẹ́ ológun. Ó lé ní 60,000 ènìyàn tí Diagne kó jọ lọ́dún yẹn.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì. Ìlú mẹ́rin péré ní Sẹ̀nẹ̀gà, ìyẹn Saint-Louis, Gorée, Dakar àti Rufisque, ni àwọn ọmọ wọn lè dìbò. Diagne fúnra rẹ̀ ló jà títí òfin 1915 àti ti 1916 fi fi ìdí ẹ̀tọ́ wọn múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ Faransé. Hunkanrin fi gègé rẹ̀ ran ọkùnrin náà lọ́wọ́ dé ilé aṣòfin, ṣùgbọ́n ọmọ Àjàṣẹ́ ni, òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gómìnà Àgbà kò lè lo indigénat fún ẹni tí ó bá wá láti Gorée. Ó lè lò ó fún ẹni tí ó bá wá láti Àjàṣẹ́. Àwọn tí ó dìbò fún Diagne kò sì sí ní Dàhómì. Lójú tèmi, òfin ló ya àwọn méjèèjì kí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tó wọ̀ ọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́ mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ Diagne kàn: Kojo Tovalou Houénou, tí wọ́n bí ní 1887. Òun ti gba ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé ní 1915. Ní 1924 ó dá ìwé ìròyìn Les Continents sílẹ̀ ní Párísì, ìwé náà sì kọ ọ́ pé Diagne ń gba owó lórí orí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan tí ó bá kó wá. Diagne pe ẹjọ́, ó jàre, ìwé ìròyìn náà sì kógbá sílé. Ẹ rí i pé ilé-ẹjọ́ ni wọ́n gbé tiwọn lọ, nígbà tí ti Hunkanrin kò dé ibẹ̀ rárá.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Kétu)

Àbúrò, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ òfin yẹn gan-an ló yẹ kí ó gbọ́.

Mo fẹ́ fi èyí kún un fún apá kejì ètò rẹ, ọmọ mi, nítorí pé àwọn ènìyàn sábà máa ń dá ìtàn rẹ̀ dúró ní 1923 kí wọ́n sì fò lọ sí 1933. Hunkanrin kò jókòó lásán ní Moritáníà. Ó rí ẹrú níbẹ̀: àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sin olówó wọn láti ìran dé ìran, nínú aginjù tí ìjọba Faransé ń ṣàkóso, lẹ́yìn tí òfin Faransé ti ní òwò ẹrú ti parí ní 1905. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde ní Faransé ní 1931, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àwọn tí ó ń fẹ̀sùn kàn. 1981 ni Moritáníà tó fi òfin pa oko ẹrú rẹ́, 2007 ni wọ́n sì tó sọ pé ẹni tí ó bá ní ẹrú yóò lọ sẹ́wọ̀n. Èmi ka ìwé yẹn sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù, ó tóbi ju gbogbo ohun tí ó kọ nípa Noufflard lọ, nítorí pé kò sí ará ìlú rẹ̀ kankan tí yóò jèrè nínú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì tún wà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lábẹ́ ìjọba Vichy, ìyẹn ìjọba Faransé tí ó bá Jámánì ṣe, wọ́n tún mú un nítorí pé ó wà lẹ́yìn àwọn tí ń bá De Gaulle, olórí àwọn Faransé tí ń bá Jámánì jà, ṣe, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Málì lónìí. 1947 ni ó tó rí ilé. Ẹ ò rí nǹkan? Ọkùnrin tí Faransé pè ní ọ̀tá Faransé ni Faransé tún lé nítorí pé ó fẹ́ kí Faransé bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá.

Ìyá Ọlọ́jà (Pọ́tò-Nóvò)

Ọmọ mi, bí o bá fẹ́ ka orúkọ Sognigbé lórí rédíò, kí o kọ́kọ́ lọ bi àwọn Gùn bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an. Àwọn ará ilé rẹ̀ ṣì wà nílùú, wọ́n sì máa gbọ́ ọ. Kí o sì sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ó gbé e jáde fún wa níbí.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Pọ́tò-Nóvò)

Màá ṣe bẹ́ẹ̀, Tàǹtí. Mo ti pín in sí apá méjì bí Bàbá Olùkọ́ ṣe wí: èkínní yóò dúró síbi tí Gómìnà Àgbà ti fọwọ́ sí ìwé ní Dakar, èkejì yóò bẹ̀rẹ̀ láti Moritáníà. Bí wọ́n bá fún mi ní ọjọ́, màá kọ ọ́ síbí.