Mo fẹ́ gbé ajá mi dání lọ sí Ilé-Ifẹ̀ fún ìgbéyàwó: ibo la lè dé sí?

Ìyá Tanímọ̀la: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò ọkọ mi ń ṣe ìgbéyàwó ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Èkó la ti ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò wa: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ méjì, àti ajá wa.

Ajá yìí ni wàhálà. Ó ti dàgbà, ó sì ní wárápá. Aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́ ló ń lo oògùn, kò gbọdọ̀ fo ọ̀kankan. Inú mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń fi oògùn náà sí kó lè gbé e mì. Aládùúgbò tó máa ń bá mi mójú tó o tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Àbújá, mi ò sì rí ẹlòmíì tí ọkàn mi balẹ̀ sí.

Mo ti pe òtẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ní Ifẹ̀. Ọ̀kan pa fóònù mọ́ mi létí. Ọ̀kan ní kí ajá máa sùn nínú búùtù mọ́tò. Ẹni tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Màdáámù, ṣé Ọlọ́jọ́ lẹ ń gbé e bọ̀ wá bọ ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni àyà mi já, torí wọ́n ní àsìkò ọdún Ọlọ́jọ́ gan-an ni ìgbéyàwó yìí bọ́ sí.

Ilé ẹbí kò ṣeé dé sí. Alhájà ni ìyá ọkọ mi, wọn ò fẹ́ ajá nínú ilé, mi ò sì ní torí ajá bá ìyá ọkọ jà. Mo ń gbọ́ pé lókè òkun ibùdó wà tí èèyàn máa ń wa mọ́tò-ilé rẹ̀ (mọ́tò tí èèyàn lè máa gbé inú rẹ̀) lọ, tí wọ́n á gba òun àti ajá rẹ̀. Ǹjẹ́ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ifẹ̀ tàbí ní Iléṣà? Lhasa ni ajá mi, kò tóbi, kì í sì í gbó àfi tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. (Àwọn tá a jọ gbé ilé kan náà tẹ́lẹ̀ ló fa orúkọ yẹn, ẹ má bi mí.)

Ọmọ Ìlódè: Háà, Tanímọ̀la! Orúkọ yẹn á ti dé etí ẹni tí ẹ fẹ́ kó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọlọ́jọ́. Lóòótọ́, ajá ni Ògún ń jẹ, wọ́n sì máa ń fi bọ ọ́ ní Òkè Mògún lásìkò ọdún náà, nígbà tí Ọọ̀ni bá dé adé Àrè jáde. Àmọ́ ẹni tó ń bọ Ògún kì í wá ká ajá alájá mọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni èrò. Bí ìlú bá kún láti Ẹnuwà níwájú ààfin wá, ìlù ń dún, fèrè ń dún, àwọn ọmọ ń ju bánńgà, ajá tó ní wárápá kọ́ lèèyàn ń gbé gba àárín irú ibẹ̀ yẹn kọjá. Bó bá já okùn mọ́ yín lọ́wọ́, ibo lẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a? Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín mọ́ ìgbànú ọrùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò l'Ékòó.

Ẹ̀ẹ̀kejì, yàrá máa ń wọ́n lásìkò náà. Ẹ tètè mú tiyín.

Alájá Ìbàdàn: Ẹ fi í sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dọ̀ dókítà ẹran tó mọ̀ ọ́n. Àwọn kan máa ń gba ajá sọ́dọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì máa fún un lóògùn ju bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jó lóde ìgbéyàwó á ṣe rántí lọ.

Ìyá Tanímọ̀la: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gbìyànjú ẹ̀ rí. Kò jẹun títí mo fi padà dé. Ó ti dàgbà jù fún irú ẹ̀.

Ó-Ti-Ṣiṣẹ́-Òtẹ́ẹ̀lì-Rí: Àǹtí, mo ti jókòó níbi ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì rí ní Ifẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún yín.

Oníòtẹ́ẹ̀lì kò bẹ̀rù ajá tó bó ṣe ń bẹ̀rù fún mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ìtọ̀ ajá tó bá ti wọ inú fóòmù kì í jáde mọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fọ́n tùràrí sí i. Ẹ jẹ́ kí àlejò tuntun wọlé, kó ti fèrèsé, kó tan ẹ́sì, òórùn náà á dìde. Ta ni wọ́n máa bú? Ẹni tó wà níbi ìgbàlejò. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn tó ń tún yàrá ṣe. Bí ajá bá gé ọ̀kan nínú wọn jẹ, ta ni yóò san owó ìtọ́jú?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pè tẹ́ ẹ ní, "Ṣé ẹ máa ń gba ajá?", "rárá" ni ẹ máa gbọ́. Ẹni tó gbé fóònù kò láṣẹ láti sọ "bẹ́ẹ̀ ni". Máníjà ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ má bi í ní ìbéèrè, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún un: ajá kékeré ni, inú kéèjì ló ń sùn, ẹ̀yin lẹ máa gbé aṣọ ìtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ wá, ẹ máa fi owó ìdúró sílẹ̀ tí wọ́n á dá padà fún yín bí nǹkan kan ò bá bàjẹ́. Kí wọ́n má wọlé tún yàrá ṣe títí ẹ ó fi lọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé ìdọ̀tí jáde. Mo ti rí máníjà tó rọ̀ lójú mi nítorí owó ìdúró yẹn nìkan.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, kò gbọdọ̀ sún mọ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ má wá a ní Lágere tàbí Mayfair níbi tí ilé ti há mọ́ra. Ẹ wá èyí tó wà lẹ́yìn ìlú, tó ní ọgbà àti yàrá tó dá dúró. Ibi tí ẹ kò bá ti bá ẹnikẹ́ni pín ògiri, àríyànjiyàn á dín kù.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kúkú wá sùn ní Iléṣà. Láti Ifẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, ẹ ò sì ní bá èrò Ọlọ́jọ́ fi ara gbún ara. Tó bá di ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, ẹ lè gbé àwọn ọmọ lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Ọmọ Ìlódè: Òṣómàáló! Ẹ ti fẹ́ fi ọgbọ́n gba owó àlejò Ifẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Owó kì í mọ ojú ọ̀nà ilé ẹlòmíì, Ìjẹ̀ṣà ló mọ̀.

Ará Texas: Ẹ̀gbọ́n obìnrin, mo rí ibi tẹ́ ẹ ti mẹ́nu ba mọ́tò-ilé. RV ni wọ́n ń pè é níbí. Èmi àti ìyàwó mi ní ògbólógbòó kan, ajá wa sì máa ń bá wa lọ. Ibùdó rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, lẹ́bàá Houston, lẹ́bàá San Antonio. Ẹ ó wa mọ́tò sí ààyè tí wọ́n bá fún yín, ẹ ó so ó mọ́ iná, omi àti páìpù tó ń gbé ìdọ̀tí lọ, ó di ilé nìyẹn. Àwọn ibùdó KOA, ilé-iṣẹ́ kan tó ní irú ibùdó yìí káàkiri Amẹ́ríkà, tiẹ̀ máa ń ṣe ọgbà tí wọ́n yí ká fún ajá nìkan ní ọ̀pọ̀ ibi.

Kò sí irú ẹ̀ ní Ifẹ̀, ẹ má fi àkókò wá a. Àmọ́ ẹ má rò pé gbẹ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe ọ̀hún o. Okùn ajá kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. Ẹ ò lè so ajá mọ́ ìta kẹ́ ẹ sì lọ sọ́jà. Ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi ọ̀rá kó o lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àwọn kan kì í gba Rottweiler tàbí pit bull rárá, àwọn míì á gba owó lé owó nítorí ajá. Wọ́n ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìjà wà. Ẹ̀yin náà, ẹ ní kí máníjà fi ohun tẹ́ ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Máníjà tó bá yín sọ̀rọ̀ lónìí lè má sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹni tó wà níbẹ̀ á sì ní òun ò gbọ́.

Dókítà Ẹran: Ìyá Tanímọ̀la, ẹ dákun, ẹ má fi oògùn sínú mọ́ínmọ́ín mọ́. Àlùbọ́sà inú rẹ̀ ni. Ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè, ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ lo ẹyin sísè, tàbí ẹran adìyẹ tí kò ní egungun tẹ́ ẹ kàn fi omi sè. Ìdí kan náà ni mo fi ń bẹ̀rù òde ìgbéyàwó fún un ju Ògún lọ. Ọmọ kan á fún un ní ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, òmíràn á ju egungun adìyẹ sí i, ẹnì kan á ní ajá yìí rù. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo wọn.

Bí oògùn wárápá náà bá jẹ́ phenobarbital, ẹ má jẹ́ kó tán mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́nà. Bí ó bá dá dúró lójijì, gìrì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé èyí tó ju iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò lọ, kẹ́ ẹ pín in sí méjì, apá kan nínú báàgì yín, apá kan nínú mọ́tò.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ ti ọdún yìí ńkọ́? Ẹ gbà á ṣáájú ìrìn àjò, kẹ́ ẹ ya fọ́tò káàdì rẹ̀ sórí fóònù. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, àwọn ibì kan máa ń fún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ má dúró dè é. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó gé ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fi epo pa á, ẹ má fi ata sí i.

Lójú ọ̀nà: ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi í sí búùtù kò mọ ohun tó ń sọ. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Kéèjì rẹ̀ ni kó wà, lórí àga ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi bẹ́líìtì dè é. Ẹ dúró ní Ìkirè kó mu omi (ẹ̀yin ẹ ra dòdò Ìkirè, ẹ má fún un), kẹ́ ẹ má sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn nínú mọ́tò lábẹ́ oòrùn, bí àkókò náà ti wù kó kéré mọ.

Bàbá Alhájì: Èmi dúró lẹ́yìn ìyá ọkọ yín o, ọmọ mi. Kì í ṣe ìkórìíra. Itọ́ ajá ni. Wọ́n ní kí á fọ àwo tí ajá bá lá lẹ́ẹ̀meje, kí á fi erùpẹ̀ fọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹni tó ń kírun nílé lójoojúmọ́, báwo ló ṣe fẹ́ máa ṣọ́ ibi tí ajá fi ẹnu kàn? Ṣùgbọ́n ajá tó ń ṣọ́ ilé àti ajá ọdẹ ní àyè tiwọn nínú ẹ̀sìn. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá yẹ̀, tí àgbàlá bá wà lẹ́yìn ilé, ọkọ yín ni kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yin ẹ má dá a sọ.

Ìyá Tanímọ̀la: Ẹ ṣé gan-an, bàbá mi. Ẹnu ọkọ mi náà ni mo ti fi í sí.

Dókítà, mo ti da mọ́ínmọ́ín tó wà nínú fírìjì fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ òtẹ́ẹ̀lì, mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. Ibì kan lọ́nà Ìbàdàn, máníjà ní òun á gbà wá tí mo bá fi káàdì abẹ́rẹ́ ránṣẹ́, tí mo sì san owó ìdúró. Ó ní kí n má jẹ́ kí ajá gun bẹ́ẹ̀dì, kí n má sì fi ajá nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Ti bẹ́ẹ̀dì rọrùn. Èyí tó kù yẹn ńkọ́? Gbogbo wa la fẹ́ lọ síbi ìdána, ọkọ mi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó, ó sì gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Ó-Ti-Ṣiṣẹ́-Òtẹ́ẹ̀lì-Rí: Ẹ kọ ọ́ sí i báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Gẹ́gẹ́ bá a ṣe sọ, yàrá ìsàlẹ̀, ajá kékeré kan nínú kéèjì, owó ìdúró tí ẹ máa dá padà lọ́jọ́ tá a bá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni." Bó bá ti fèsì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́. Ẹ tún ya fọ́tò bẹ́ẹ̀dì àti kápẹ́ẹ̀tì ní kété tẹ́ ẹ bá wọlé, kí wọ́n má lọ fi àbàwọ́n tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ gba owó yín.

Ti ìdána, aago mélòó ni?

Ìyá Tanímọ̀la: Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n pè é.

Ọmọ Ìlódè: Aago mẹ́wàá Ifẹ̀ tàbí ti aago?

Ìyá Tanímọ̀la: Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Dókítà Ẹran: Ẹ jẹ́ kí èyí àgbà nínú àwọn ọmọ dúró tì í títí ìdọ̀bálẹ̀ á fi parí, kí bàbá wọn wá gbà á sílẹ̀. Oògùn aago méje alẹ́, ẹ fi aago ìdágìrì sórí fóònù ẹni méjì, torí ní àkókò yẹn lẹ máa wà lórí ijó.

Ìyá Tanímọ̀la: Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àgbà. Ó ní òun á dúró tí wọ́n bá gbé oúnjẹ òun wá bá òun nínú yàrá, ẹran méjì. Mo ti gbà.