SACD àbí DVD-Audio, èwo ni kí n rà?

Ẹ̀yin ará mi, mo fẹ́ ra pléyà tuntun sí pálọ̀, ti SACD àbí ti DVD-Audio, àwọn díìsì orin tí wọ́n ṣe kí ohùn wọn lè dáa ju ti CD lọ, sípíkà méjì péré ni mo ní, jáàsì ni mò ń gbọ́ jù. Èwo ló dáa?

— SACD ni o jàre! Sony àti Philips gbé e jáde ní 1999, èyí tó bá jẹ́ hybrid nínú ẹ̀ (tó ní orin CD lára pẹ̀lú) máa kọ nínú pléyà CD lásán, DVD-Audio ò lè ṣe ìyẹn, òmíì tiẹ̀ máa ní kẹ́ ẹ tan tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ tó yan orin, kí ló kàn mí kan tíì fí?

— Ẹ má bú DVD-Audio o. Ó lè gbé ohùn tó tó 24-bit, 192 kHz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe kúnná tó) fún sípíkà méjì, ó mọ́ rekete. Àmọ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́.

— Ẹ ṣé. Ṣé wáyà optical (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn) á gbé ohùn SACD?

— Rárá o, HDMI ni, wáyà tí wọ́n fi ń so nǹkan mọ́ tẹlifíṣọ̀n.